Bí A Ṣe Rí Ilé ní Isiokpo

Délé, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ìwọ àti ìyàwó wa. Láti ìgbà tí a ti jẹun àárọ̀ tán ni mo ti ń wò yín. Ẹ ń fi ìka fa àwòrán ilé kan wá, ẹ ń fi ìka tì í lọ. Ìyàwó wa ní Oyigbo ló tẹ́ òun lọ́rùn nítorí ilé-ìwé, ìwọ ní ọ̀nà Owerri ló wù ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, oyún yìí náà ò sì ní pẹ́ sọ̀, lọ́lá Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń dárúkọ àwọn ibẹ̀ yẹn, oorun kan ń kùn mí. Kì í ṣe oorun tí wọ́n ń sùn. Irú èyí tó máa ń gbé àgbàlagbà padà síbi tó ti kọjá ni. Ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi ò gbókè mọ́.

Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ dé Port Harcourt yìí, ọdún 2000 tí wọ́n ní ayé máa parẹ́ ló kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti Ìkìrun ni mo ti wá, mo ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tún páìpù àti ẹ̀rọ àwọn elépo ṣe ní Trans-Amadi. Rumuigbo níbí la kọ́kọ́ gbé, kì í ṣe ilé yìí o, yàrá méjì nínú ilé kan tí ilẹ̀kùn kọjú sílẹ̀kùn, tó jẹ́ pé tí aládùúgbò bá sín, ìwọ lo máa kí i pẹ̀lẹ́. Olóúnjẹ wà níwájú, onígbàjámọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó ń ta kẹrosíìnì wà lẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ní jẹnẹrétọ̀, gbogbo jẹnẹrétọ̀ ló sì ní ohùn tirẹ̀. Mo mọ ohùn wọn bí ẹni mọ ohùn ẹbí. Ilé náà kún, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ibi iṣẹ́, mi ò sì rí àléébù kankan lára rẹ̀.

Ìyá rẹ ló rí i.

Ìbídùn ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà. O mọ̀ pé ó máa ń kólòlò. Nígbà yẹn, tirẹ̀ le ju báyìí lọ. Ọ̀rọ̀ á há sí i lọ́fun, ọrùn á le, ojú á pọ́n, kò ní jáde. Nílé-ìwé tó ń lọ, àwọn ọmọ á máa sín in jẹ. Tíṣà wọn ò na ọmọ, kò sì bú u. Tó bá ti kan Ìbídùn láti kàwé, tíṣà á ní kí ẹni tó kàn máa kà á lọ, kó má baà fi àkókò ṣòfò. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ yẹn pa ẹnu dé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, a jókòó, ìyá rẹ rí i tó ń fi ọwọ́ júwe kẹ́ẹ̀gì omi.

Ìyá rẹ ní, “Bàbá Ìbídùn, ṣé ẹ rí i? Ọmọ ń fọwọ́ tọrọ omi nínú ilé bàbá ẹ̀.”

Mo ní, “Ó máa dàgbà kúrò níbẹ̀.”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kó kúrò níbí. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí ilé-ìwé gidi wà.”

“Iṣẹ́ mi ńkọ́?”

Ó wò mí, ó rọra sọ ọ́: “Iṣẹ́ yín ò ní bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Ọmọ yín ló máa bá yín sọ̀rọ̀.”

Bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò sí fóònù tí à ń fìka fà nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ la fi ń wá ilé. Oyigbo la kọ́kọ́ lọ, ọjọ́ Sátidé kan. Ìlú náà wù mí. Ọkọ̀ pọ̀ tó máa gbé mi lọ síbi iṣẹ́, ilé iná ìjọba ńlá wà nítòsí tó ń kùn láìsinmi, bí àgbàlagbà tó ń dá orin kọ láì ya ẹnu. Ilé-ìwé tí wọ́n júwe fún wa funfun báláú, ó ní jáńgírọ́fà méjì tí wọ́n kùn ní pupa. Ọ̀gá ilé-ìwé náà lọ́yàyà, ó fún wa ní àga. Ó bi Ìbídùn lórúkọ rẹ̀. Ọmọ ya ẹnu, ọ̀rọ̀ há. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí ọrùn ọwọ́, ó wo aago, ó wá bi èmi. Mo dáhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí a bá padà, mò ń yin ibẹ̀, mò ń yin iná, mò ń yin jáńgírọ́fà. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni ìyá rẹ kọjú sí mi.

“Ẹ ò rí bó ṣe wo aago?” ló wí.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ìyá rẹ ń ṣe. Oníbàárà rẹ̀ kan, ọmọ Isiokpo, sọ fún un pé tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń kọ́ àwọn ọmọdé nínú ọgbà bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Èmi ò fẹ́ lọ. Isiokpo jìnnà, oko ni, ojú ọ̀nà Owerri ni, ta ló ń gbé oko lọ ṣiṣẹ́ ní Trans-Amadi? Mo ṣáà tẹ̀ lé e. Láti Rumuokoro lọ sókè, ilé ń tán, igbó ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú kan rẹlẹ̀ kọjá lórí wa, ó ń lọ bà nítòsí Omagwa. Lẹ́yìn rẹ̀, pákí ló kù, pákí lọ́tùn-ún, pákí lósì, ewé wọn ń juwọ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré.

Ilé-ìwé náà ò ju yàrá mẹ́ta lọ, páànù ló wà lórí rẹ̀, igi máńgòrò ló ṣíji bò ó. Màdáámù Worlu ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti funfun gbogbo, pákò wà lẹ́nu rẹ̀. Kò fún wa lága, orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ló jókòó sí, ó fa Ìbídùn mọ́ra.

“My daughter, wetin be your name?”

Ìbídùn ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ há. Obìnrin náà dúró. Adìẹ kan kó ọmọ kọjá lẹ́sẹ̀ wa, ó kó wọn dé ìdí odi. Ó ṣì ń dúró. Èso máńgòrò kan já, ó lu páànù, ó yí bọ́ sílẹ̀. Ó ṣì ń dúró. Àánú ọmọ mi ṣe mí, mo ya ẹnu láti bá a sọ ọ́. Màdáámù Worlu gbé ọwọ́ sókè sí mi, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

“Papa, leave am,” ló wí. “The name no dey run.”

Ẹ̀yìn náà la gbọ́ ọ, ó tín-ínrín: “Ì... Ìbídùn.”

“Ibidun,” lobìnrin náà wí, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan aládùn wò. “Fine name.”

Ìyá rẹ ò bi mí ohun tí mo rí sí i. Ó kọjú sí àwọn tó ń bó pákí lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń bèèrè ẹni tó ní yàrá tí wọ́n lè gbà. Mo ní ó dáa, ọdún kan péré, ká fi wò ó. Ọdún kan péré ni mo wí o.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀! Bí mo bá pa ojú dé báyìí, àyà mi á tutù. Ìdájí lẹ máa ń gbọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ìkùukùu á bo gbogbo rẹ̀, ohùn àwọn obìnrin á máa ti inú rẹ̀ jáde, wọ́n ń lọ oko, agbada irin lórí, wọ́n ń kí ara wọn láìríra wọn. Ìrì á rẹ ṣòkòtò iṣẹ́ mi dé orúnkún kí n tó dé títì. Bí ọjọ́ bá gòkè, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ pákí á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́ọ̀ọ́kán, òórùn pákí tó ti kan á gba àdúgbò. Ìyá rẹ bínú sí òórùn yẹn fún oṣù kan. Ní oṣù kejì, ó ní òun ò gbọ́ òórùn kankan.

Aṣọ funfun tó bá sá lórí okùn, funfun lá á ká a. Ẹ̀yin ò mọ̀yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka nu ojú fèrèsé láràárọ̀ tí èéfín ń sọ ìka di dúdú, ẹ rò pé bí afẹ́fẹ́ Port Harcourt ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ̀ kan náà ni èmi àti àwọn tí a jọ ń lọ ìgboro ń wọ̀ lójoojúmọ́, dírébà kan náà, ìjókòó kan náà. Tí ẹnìkan ò bá tíì dé, ọkọ̀ á dúró dè é, a ó máa pariwo sí ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Dírébà yẹn ni fóònù wa. Bí iṣẹ́ bá máa dá mi dúró, màá sọ fún un, á sì fun fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta tó bá ń kọjá níwájú ilé. Ìyá rẹ á mọ̀ pé mo máa pẹ́, á bo ọbẹ̀ mi. Lónìí ẹ ń pe ara yín nígbà ogún lójúmọ́, ọbẹ̀ sì ń tutù.

A ṣe àṣìṣe o. Ọdún tí a dé, mo ra iṣu tuntun bọ̀ láti ìgboro, ìyá rẹ sì dín in, ó ń ta sánsán. A ò mọ̀ pé ní ọgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu kí bàbá onílé tó jẹ tirẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. Bàbá onílé, àgbẹ̀ gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, jáde, ó fa imú, ó wo àwo wa, ó wọlé padà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dáhùn ìkíni mi pẹ̀lú ikọ́ lásán. Ọjọ́ kẹrin, mo dọ̀bálẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. Kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀rù bà á, ó ní kí n dìde kí àwọn èèyàn má rò pé òun ti pa àlejò. Ọjọ́ tí wọ́n wá ṣe ọdún iṣu, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ní kí n jókòó sí. Kò síbi tí wọn kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn jura wọn lọ. Tiwọn níbẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n èmi ò tíì fẹ́ jókòó. Ọdún kan tí mo dá ti ń pé lọ. Ọ̀nà ń jẹ egungun mi. Ìbídùn náà, lójú tèmi, kò yí padà. Tí mo bá dé, á kúnlẹ̀ kí mi, ètè rẹ̀ á gbọ̀n, kò ní gbé ohùn jáde. Ìyá rẹ ní Màdáámù Worlu ń fi orin kọ́ ọ, pé kó fa ọ̀rọ̀ jáde bí ẹni fa okùn, kó má fi ipá já a. Mo ní orin kọ́ ni mo ní kí wọ́n kọ́ ọmọ mi. Oyún rẹ ti wà nínú ìyá rẹ nígbà yẹn, ó ti wọ oṣù kẹjọ.

Àfi bí ọ̀gá mi ṣe pè mí níbi iṣẹ́ tó ní ilé òṣìṣẹ́ kan ṣófo láàárín ìlú, iná kì í lọ níbẹ̀, omi ń yọ nínú ògiri. Ó fún mi ní ìwé, ó ní kí n buwọ́ lù ú, kí n dá a padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ń kan bọ́tìnnì, kò gbé ojú sókè.

“Ìbídùn ńkọ́?”

“Ilé-ìwé pọ̀ nígboro.”

“Ilé-ìwé pọ̀ nígboro nígbà tí a kúrò níbẹ̀.”

Mo ní, “Mo ti buwọ́ lù ú. Ọ̀la ni mo máa dá a padà.”

Ó já òwú náà pẹ̀lú eyín. Ó ní, “Ẹ̀yin ni bàbá.” Ìwọ tó o mọ ìyá rẹ, o mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó.

Ní ọjọ́ kejì, mo dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá ò wá. Ìwé náà ṣì wà lápò mi nígbà tí mo wọ ọkọ̀ padà. Ọkọ̀ ńlá kan ti dábùú ọ̀nà ní Omagwa, a ò lè kọjá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn. Òjò ṣú, ó dúdú lápá Isiokpo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, ẹ̀yìn ni mo tó gbọ́. Ìyá rẹ rí òjò, ó sáré ká aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, omi ara rẹ̀ sì dà. Bàbá onílé àti àwọn ará ọgbà ti lọ síbi ìpàdé ìdílé. Kò sí ẹlòmíì bí kò ṣe Ìbídùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé. Ìyá rẹ ní, “Ìbídùn, sáré lọ pe àwọn ìyá lóko.” Bó ṣe wí i tán ló rántí ẹni tó rán níṣẹ́ pípè. Ó ní òun pa ojú dé, òun bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ọmọ yẹn sáré wọ inú oko. Àwọn obìnrin ń wú pákí, wọ́n ń kọrin, ẹnìkan ń dá a, àwọn tó kù ń gbè é, ẹ̀yìn gbogbo wọn ló kọ sí i. Ó ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ há. Ó tún ya ẹnu. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn wọn. Ní déédé ibi tí ẹni tó ń lé orin ti mí, Ìbídùn gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, ó fa ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wọ inú rẹ̀:

“Mama don fall o, belle dey pain am o, una come!”

Àwọn obìnrin gbè é! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wú pákí lọ, wọ́n ń fi gbogbo ẹnu gbè é pé Mama don fall o. Ìgbà tí wọ́n gbè é lẹ́ẹ̀kejì lẹnìkan tó ju ọkọ́ nù, tó yíjú padà, tó ké pé, “Which Mama?”

Wọ́n da pákí nù nínú bárò, wọ́n tẹ́ ìró sí i, wọ́n gbé ìyá rẹ sínú rẹ̀, wọ́n tì í dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Òjò ò tíì dá tí ìwọ Délé fi ké.

Èmi ò mọ nǹkankan. Mo kan ń bọ̀, òjò ti pa mí, bàtà mi kún fún ẹrẹ̀. Ní oríta, àwọn obìnrin mẹ́ta dúró sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta gààrí, wọ́n rí mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Papa Ibidun! Your pikin get mouth o!”

Mo rò pé wọ́n ń fi ọmọ mi ṣẹ̀sín ni. Inú bí mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn dì mí mú lọ́wọ́, ó ní, “No vex. Na your pikin mouth save your wife today.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo sáré títí mo fi dé ilé ìwòsàn.

Ìyá rẹ dùbúlẹ̀, ìwọ wà lápá rẹ̀, o pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ìbídùn jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní, “Kí lo sọ fún wọn?” Ètè rẹ̀ gbọ̀n. Mo dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo dúró de ọmọ mi, mi ò bá a sọ ọ́, mi ò wo ibòmíràn. Ó fa èémí sínú, ó kọ ọ́ fún mi, gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Pijin ni, kò sí Yorùbá kankan nínú rẹ̀. Èmi tí mo máa ń bínú pé àwọn ọmọ yìí ò ní gbọ́ èdè wa, mi ò bèèrè èdè tó jẹ́. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Tèmi, ìyá ló kọ́kọ́ pè, ó sì tó mi.

Ọjọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá mi, mo dá ìwé rẹ̀ padà, mo ní a ò kó wá mọ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn. Ó ní, “You wan dey bush?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn ò fi ilé lọ̀ mí mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì ní purọ́ fún yín, àwọn àárọ̀ kan wà tí mo bínú sí ara mi nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀yìn mi tí ẹ ń bá mi fi òróró pa, ọ̀nà yẹn ló ṣe é.

Nígbà tí ìwọ́ rẹ já, mo dì í sínú aṣọ, mo ní màá gbé e lọ sí Ìkìrun, kí n rì í mọ́lẹ̀ nílé bàbá mi. Bàbá onílé gbọ́. Ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ilẹ̀ tòun ń gbé ìwọ́ mì láì hù ú ni. Mo ní rárá, bàbá. Ó ní ọmọ tí wọ́n fi bárò pákí òun gbé wá sáyé, oko òun ló ti wá. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀pẹ kan, ó dúró, ó gbé ọkọ́ fún mi kí èmi náà gbẹ́ díẹ̀. Ìyá rẹ ń wò wá láti ẹnu ilẹ̀kùn. A rì í síbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ a sọ ọ́ ní Bámidélé, torí pé ìrìn-àjò la wà tí a fi bí ọ. Bí mo ṣe ń pe orúkọ náà, mo ṣàkíyèsí pé mi ò mọ ilé tí mò ń sọ mọ́, ti Ìkìrun ni tàbí ti ibi tí mo dúró sí.

Bàbá onílé ti kú. Màdáámù Worlu náà ti lọ, ilé-ìwé rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn ọmọ bàbá ta ilẹ̀ nígbà tí ìlú ń gòkè bọ̀, àwa náà kó padà sí Rumuigbo. Ìbídùn ṣì máa ń kólòlò tí inú bá ń bí i. Ọkọ rẹ̀ ti kọ́ láti dúró.

Ní ọdún tó kọjá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín, mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kún títì, ilé kún inú pákí. Ibi tí ọgbà wa wà, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù mọ odi yí i ká, ilé aláwọ̀ kan náà tò sínú rẹ̀, ibi tí ọ̀pẹ wà, mọ́tò ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, wọ́n ti fi kọnkéré lẹ̀ ẹ́. Mo dúró lẹ́nu géètì, mò ń wo ibẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ jáde sí mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irun rẹ̀ ti ń funfun.

“Papa, who you dey find?”

Mo ní n ò wá ẹnikẹ́ni, ilé mi ni mò ń wò.

Ó ní, “Which number, Papa? Make I open for you.”

Mo dúró, mò ń rò ó. Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo lè pè fún un.